Mùsílíù àti Fíríìjì Tí Kò Tutù

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Mùsílíù fi tan iná fún rélùwéè ní Láfẹ́ńwá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó bu kẹrosíìnì sí àwọn lámpù orí òpó tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin, kí ó gé òwú wọn, kí ó nu ìgò wọn títí yóò fi mọ́ kedere, kí ó sì tún gun òpó lọ gbé wọn kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò ń rọ̀, ó ń gùn. Ọyẹ́ ń mú, ó ń gùn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí awakọ̀ kan tó dé Láfẹ́ńwá tó bá iná Mùsílíù ní kíkú. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí ó ṣe máa ń dúró wo lámpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn yóò mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn iná bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹyẹlé tàbí ẹṣin.

Ní ọdún 1948 ó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìwé kan, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò aṣọ kékeré kan, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òwu.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Aláró ni Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀, ìkòkò aró ló sì kún àgbàlá wọn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ìdí ọgbà. Mùsílíù tí kò rí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí iṣẹ́ aláró. Ó ní kí wọ́n sún ìkòkò yìí síwájú díẹ̀. Ó ní igi tí wọ́n kó sídìí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya ara aṣọ ti pọ̀ jù, pé iná náà ń ṣòfò. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó ki ọwọ́ bọ aró láti wò ó bóyá ó ti pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì di búlúù títí dé ìgúnpá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Bàbá Sàlàhúdíìnì," ni Sàfúrátù wí fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Sàlàhúdíìnì ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́. "Mo fẹ́ràn yín, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá tètè wá nǹkan ṣe, èmi ni mo máa lọ gba iṣẹ́ ní rélùwéè, kí ẹ̀yin máa wá rẹ aṣọ."

Mùsílíù bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ara rẹ̀ ṣì le koko. Ohun tó tún ń dùn ún ni pé bí ẹnikẹ́ni ní Òwu bá bi í ní iṣẹ́ tó ṣe ní rélùwéè, tó sì dáhùn pé lámpù lòun ń tàn, ẹni náà á wò ó, á ní, "Kí ni ẹ tún wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹwàá ni Beatrice Ọlálẹ́yẹ wá gba aṣọ tó ní kí Sàfúrátù bá òun rẹ. Tíṣà ni Beatrice, ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Túbọ̀sún ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Ìbarà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó gba aṣọ tí kò tilẹ̀ tú u wò.

"Tíṣà, ojú yín ò dùn lónìí," ni Sàfúrátù wí.

"Ìyá Sàlàhúdíìnì, ẹ jẹ́ n jókòó ná. Fíríìjì ni."

Ó wá ṣàlàyé. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Túbọ̀sún sì ra fíríìjì rẹ̀, àpótí funfun kan báyìí tó ga dé èjìká ènìyàn. Kì í lo iná mànàmáná. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń bu sí ìdí rẹ̀, lámpù kan á máa jó níbẹ̀, iná lámpù náà ni yóò sì mú kí inú àpótí tutù.

Mùsílíù tó jókòó sẹ́yìn ìkòkò gbé orí sókè. "Iná ló ń mú un tutù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tiwa ń jó tọ̀sán-tòru ni, kò sinmi rí, inú rẹ̀ sì gbóná ju ìta lọ. Mo gbé bọ́tà sínú rẹ̀ láná, ó yọ́ di òróró." Beatrice gbé ọwọ́ lé orí. "Èyí tó burú jù ni pé mo ti dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹnu ara mi sọ pé màá ṣe áísìkirìmù wá sí bàsá ìkórè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Ìyá Ẹgbẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò!"

"Àwọ̀ wo ni iná rẹ̀?" ni Mùsílíù bi í.

Beatrice wò ó. "Àwọ̀ iná ni, sà."

"Iná kì í ṣe àwọ̀ kan, Tíṣà. Ṣé ó pupa ni, àbí ó pọ́n bí pupa ẹyin, àbí ó jẹ́ búlúù?"

Beatrice ò mọ̀. Mùsílíù dìde, ó wọlé, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó wọ bàtà.

"Ẹ máa mú un lọ, Tíṣà," ni Sàfúrátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ gèlè. "Ẹ má sì tètè dá a padà fún mi."

Nígbà tí wọ́n dé Ìbarà, Túbọ̀sún wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Fíríìjì náà dúró ní igun pálọ̀ bí àlejò pàtàkì, wọ́n tì í mọ́ ògiri gbágbá, wọ́n tẹ́ aṣọ léèsì lé e lórí, wọ́n sì gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn lé aṣọ náà. Beatrice ṣàlàyé ẹni tí àlejò jẹ́.

Túbọ̀sún ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti tún fíríìjì ṣe rí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ti rí i rí?"

"Òní ni."

"Kí wá ni ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, sà?"

"Mo mọ iná," ni Mùsílíù wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ó wo iná náà fún ìgbà díẹ̀. Ó pọ́n, ó gùn, ó ń mì, orí rẹ̀ sì ń tú èéfín. Ògiri ẹ̀yìn àpótí ti dúdú dé ìdajì. Inú Mùsílíù dùn nígbà tó rí i, nítorí ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pàdé ojúlùmọ̀ ní ìlú àjèjì. Ó ní, "Iná yìí ń ṣàìsàn. Ooru rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n rán an."

Ó pa á. Ó dúró kí ó tutù, ó fa táǹkì kẹrosíìnì jáde, ó yọ òwú. Ẹ̀gbẹ́ kan ga, ẹ̀gbẹ́ kejì ti jó kọjá ààlà. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e títí ó fi tẹ́jú, ó nu ẹnu lámpù, ó gún àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló yí sí páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn àpótí. Ó so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ẹnu wáyà, ó tì í bọ inú páìpù láti òkè, ó sì fà á. Dúdú èéfín tó ti dì síbẹ̀ láti ìgbà òyìnbó tó ni ín ya lulẹ̀, ó sì bo ẹní Beatrice.

"Ẹní mi!"

"Ẹní á mọ́, Tíṣà. Ẹ wo ohun tó dí i lọ́nà ọ̀fun."

Nígbà tó tún iná dá, ó rọra yí i sísàlẹ̀ títí ó fi di òrùka búlúù kékeré kan tí kò mì, tí kò sì rú èéfín kankan. Ó pè wọ́n wá wò ó. Túbọ̀sún tẹ̀ ba pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó wò ó, ó gbàgbé láti dìde. "Ó mà dára o," ló wí, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Mùsílíù ki ọwọ́ bọ àárín àpótí àti ògiri, ó rí i pé ooru ti há síbẹ̀. Wọ́n fà á kúrò lára ògiri tó ìbú ọwọ́ méjì. Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣí i títí di ọjọ́ kejì.

Ó rọrùn láti sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí Beatrice tó lọ sí ìsìn, ó ti ṣí i nígbà mẹ́fà. Nígbà tó dé láti ìsìn, ó tún ṣí i. Àwọn aládùúgbò wá, òun náà ń ṣí i hàn wọ́n. Nígbà tí Mùsílíù padà wá lọ́jọ́ Ajé, tó gbọ́ èyí, ó yọ okùn nínú àpò, ó sì so ilẹ̀kùn fíríìjì pọ̀ bí ẹni tó ń di ẹrù.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u," ló wí.

Wọ́n ò tú u. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mùsílíù fúnra rẹ̀ tú u, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò gbóná mọ́. Kò sì tutù. Iná ń jó búlúù rèǹtèrente nísàlẹ̀, àpótí sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, Mùsílíù rìn padà sí Òwu pẹ̀lú orí títẹ̀. Sàfúrátù gbé oúnjẹ fún un, Mùsílíù bu òkèlè mẹ́ta, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òwú, páìpù, ògiri, okùn. "Bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ," ló wí. "Lámpù nìkan ni mo mọ̀."

Sàfúrátù kò bá a kẹ́dùn. Ó ń ronú. "Ilẹ̀ pálọ̀ wọn ńkọ́? Ṣé ó tẹ́jú?"

"Sìmẹ́ńtì ni."

"Mi ò bèèrè bóyá sìmẹ́ńtì ni. Mo ní ṣé ó tẹ́jú. Ẹ wo àgbàlá yìí, orí àpáta ni gbogbo wa kọ́lé sí. Ìkòkò mi tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aró rẹ̀ kì í mú aṣọ dọ́gba. Lọ́la, èmi náà ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dé Ìbarà lẹ́yìn tí Beatrice ti dé láti ilé ìwé, tí Túbọ̀sún sì ti dé láti ọ́fíìsì. Sàfúrátù kí àwọn onílé, ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó àti aṣọ léèsì kúrò lórí fíríìjì, ó béèrè àwo pẹrẹsẹ, ó bu omi kún un dé etí, ó sì gbé e síbi tí fọ́tò wà. Omi náà ṣàn kúrò lápá òsì, ó sì dà sílẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ẹ rí i?" ló wí.

Ojú ti Túbọ̀sún díẹ̀, nítorí òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ náà. Wọ́n wá pákó pẹlẹbẹ méjì, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ àpótí lápá ọ̀tún, wọ́n ń yọ, wọ́n ń kì, títí omi inú àwo fi dọ́gba yíká. Mùsílíù wá fi etí lé páìpù ẹ̀yìn fíríìjì bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ọmọ inú oyún ń ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó jọ pé omi kan wà nínú páìpù yìí tó yẹ kó máa lọ, kó máa bọ̀," ló wí. "Kò lọ. Akọ̀wé, báwo ni ẹ ṣe gbé e dé ibí?"

"Lọ́rì ni. A fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kó má baà ṣubú."

"Ó dùbúlẹ̀?"

"Láti orí òkè tí àwọn òyìnbó ń gbé lọ́hùn-ún títí dé ibí. Ọ̀nà yẹn ò sì dára, ó fò títí ni."

Sàfúrátù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Òun nìyẹn! Ìgò tó bá dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á lọ dí ọrùn. Bí wọ́n bá gbé ìgò bẹ́ẹ̀ wá fún mi lọ́jà, kí ni mo máa ń ṣe sí i?"

Òun àti ọkọ rẹ̀ wo ara wọn.

"Ẹ jẹ́ ká dorí rẹ̀ kodò," ni Mùsílíù wí.

"Ta ni?" ni Túbọ̀sún kígbe.

"Fíríìjì."

"Fíríìjì mi? Kí orí rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè? Bàbá, ohun èlò òyìnbó nìyí o! Bí àwọn ará ọ́fíìsì bá wọlé wá bá a bẹ́ẹ̀, kí ni kí n wí?"

Beatrice ti bọ́ ìwérí rẹ̀, ó ti ká ìró mọ́ orúnkún. Ìwé ètò ìkórè nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. "Bàbá Wùnmí," ló wí fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ gbé apá ọ̀tún."

Túbọ̀sún gbé apá ọ̀tún. Wọ́n pa iná, wọ́n yọ táǹkì àti lámpù kúrò, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dorí àpótí ńlá náà kodò pẹ̀lú ariwo "Rọra! Rọra!" tó kó àwọn aládùúgbò jọ sójú fèrèsé. Bí ó ṣe fẹsẹ̀ sókè tán, ohun kan sọ nínú rẹ̀ gbùlùkù, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé omi mì. Sàfúrátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e, títí kan Túbọ̀sún, tó jókòó sórí ẹní tó di ikùn mú.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e dúró. Mùsílíù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi di ọ̀sán, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó dáná, ó yí i di búlúù, ó fa àga kan sẹ́yìn fíríìjì, ó fi etí tì í. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó lé. Beatrice ti dé láti ilé ìwé, ó ń ṣe àtúnṣe ìwé àwọn ọmọ, ó ń fi ojú kan wò ó. Lójijì ó rí i tí ojú bàbá náà là.

"Tíṣà, ẹ wá!"

Beatrice sáré wá fi etí lé e. Ó gbọ́ ọ: gùlù… gùlù-gùlù… gùlù. Ohun kan ń hó nínú rẹ̀ lọ́nà jíjìn.

"Ó ti ń lọ," ni Mùsílíù wí. "Ẹ bu omi sínú àwo kékeré inú rẹ̀ yẹn, kí ẹ tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó kírun Súbúù tán láàárọ̀ kùtù, ó kọrí sí Ìbarà. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi gbọ́ igbe Beatrice. Ó rò pé iná ti mú ilé, ó sáré, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò dúró gbé e. Ó bá Beatrice láàárín pálọ̀, ó ń jó káàkiri pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Túbọ̀sún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sì wú nítorí ohun tó ń lá.

"Ó dì!" ni Beatrice ń pariwo. "Bàbá, omi dì! Ó dì bí òkúta!"

Ó fi ẹyọ kan lé Mùsílíù lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, yìnyín tó bá òjò bọ̀ nìkan ló ti rí, kò sì di irú èyí mú rí. Ó fò sẹ́yìn, ó ní ó ń ta òun, ó jù ú sí ọwọ́ kejì, ó tún jù ú padà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Túbọ̀sún fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ tútù mú.

"Bàbá," ló wí, "mo bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ má bínú sí mi."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Kí ẹ sì má tì í mọ́ ògiri mọ́."

Ní ọjọ́ Ajé tí í ṣe ọjọ́ bàsá, wọ́n tẹ́ tábìlì Beatrice sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mílíìkì inú agolo, ẹyin àti ṣúgà ló fi ṣe áísìkirìmù náà, ó sì wà nínú abọ́ tí wọ́n fi omi dídì yí ká. Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó di ojú rẹ̀ pọ̀, ó la ojú, ó ní kí wọ́n tún bu síbi kan fún òun, nítorí òun ò tíì dá ìdájọ́. Àwọn ènìyàn tò dé ẹnu géètì. Ẹnikẹ́ni tó bá dé iwájú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Beatrice, Beatrice á nawọ́ sí ọkùnrin tó dé fìlà funfun tó jókòó lórí àga ọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá yìí ni kí ẹ kí. Ọ̀gá iná rélùwéè ni. Ní Òwu ni wọ́n ń gbé."

Mùsílíù ń dáhùn, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó jù ú lọ, orí rẹ̀ ń wú. Kí ó tó lọ, Beatrice bu áísìkirìmù sí kọ́ọ̀pù irin kan fún un láti gbé lọ fún Sàfúrátù, tí kò lè fi ìkòkò aró tó ń pọ́n lọ́wọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mùsílíù wé kọ́ọ̀pù náà ní aṣọ mẹ́ta, ó kó o mọ́ àyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá lójú ọ̀nà. Àwọn tó pàdé rẹ̀ ń kí i, kò dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tú aṣọ kẹta nínú àgbàlá, mílíìkì funfun tó ṣàn gẹẹrẹ ló bá. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Sàfúrátù nu ọwọ́ búlúù rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba kọ́ọ̀pù, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun.

"Ó mà tutù o!" ló wí. "Bàbá Sàlàhúdíìnì, ó tutù dé inú!"

Ó fa àpótí kan fún ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, òun náà jókòó. Ó ní kí ó sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ó ṣe rí lẹ́nu nígbà tó ṣì dì, ohun tí Ìyá Ẹgbẹ́ wí, aṣọ tí Beatrice wọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Mùsílíù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò tíì dé ìdajì tí ọkùnrin kan fi gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn láti Adigbe, ó ń làágùn, ó ń béèrè bóyá ibí ni ilé bàbá tó ń mú fíríìjì tutù.

"Ibí ni," ni Sàfúrátù dá a lóhùn kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó ná. Wọn ò tíì sọ̀tàn tán fún mi."